Ọjọ́ 29 oṣù Fẹ́búárì: Ènì ni àbí gbèsè?

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Íńdíà tó ń jẹ́ Morarji Desai. Ọdún 1977 ló di olórí ìjọba ibẹ̀, ẹni ọdún 81 sì ni nígbà náà. Nígbà tó kú ní ọdún 1995, ó ti pé ẹni ọdún 99. Àgbà tó jẹ ayé pẹ́ nìyẹn, àbí? Síbẹ̀, bí ẹ bá ka iye ìgbà tí ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an padà wá bá a láyé, ìgbà 23 péré ni. Kó tó rí àkọ́kọ́ pàápàá, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Kí ló fà á? Ọjọ́ 29 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1896 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ yẹn kì í wá lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yọjú bí àlejò tó ti ìdálẹ̀ bọ̀, bó bá sì ti lo wákàtí 24 tán, ó ti lọ nìyẹn. Ìgbà mìíràn tiẹ̀ wà tí kì í wá títí ọdún mẹ́jọ á fi pé, bó ṣe ṣe Desai nígbà ọmọdé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ pé ọjọ́ náà wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tó fi wà, wọ́n á máa wo ojú ara wọn ni. Àwọn mìíràn á ní ènì ni. Ṣé ẹ mọ ènì? Bí èèyàn bá ra gààrí lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà, tí ìyá ti wọn kóńgò tán, oníbàárà á ní, "Ìyá, ẹ fi ènì sí i o." Ìyá á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, inú àwọn méjèèjì á dùn. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣe kàlẹ́ńdà ṣe bu ọjọ́ kan lé Fẹ́búárì, torí pé òun ni oṣù tí ọjọ́ rẹ̀ kéré jù.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ọjọ́ 29 Fẹ́búárì kì í ṣe ènì rárá. Gbèsè ni.

ÈSÚSÚ ẸLẸ́NI MẸ́RIN

Ilé ayé tí gbogbo wa wà lórí rẹ̀ yìí kò dúró sójú kan. Ó ń yí oòrùn po, ìgbà tó bá sì yí i po lẹ́ẹ̀kan ni ọdún kan pé. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ 365 géérégé ló fi ń parí ìrìn náà ni, wàhálà kankan kì bá tí sí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 365, wákàtí 5, ìṣẹ́jú 48 àti ìṣẹ́jú-àáyá bíi 45 ló ń gbà á. Ká kúkú pè é ní ọjọ́ 365 àti wákàtí mẹ́fà ná, kí ọ̀rọ̀ lè yéni.

Wákàtí mẹ́fà yẹn ńkọ́, ibo ni wọ́n ń fi í sí? Ẹ fi wé èsúsú. Ọdún mẹ́rin kó ara wọn jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá wákàtí mẹ́fà. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́rin, 24. Wákàtí 24 sì ni ọjọ́ kan. Ọdún kẹrin ló máa ń kó o. Ìdí nìyẹn tí ọdún mẹ́ta fi ń ní ọjọ́ 365, tí ẹ̀kẹrin á sì ní 366. Ọdún tó kó èsúsú yìí làwọn Òyìnbó ń pè ní líìpù-íà.

Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò san án ńkọ́? Lọ́dún kìíní, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn 100 ọdún, kàlẹ́ńdà á ti fi nǹkan bí ọjọ́ 24 yà kúrò lọ́nà oòrùn. Kí 800 ọdún tó pé, Kérésì tó ń bọ́ sásìkò ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa á ti bọ́ sí àárín òjò. Àgbẹ̀ tó bá ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri kó tó gbin àgbàdo á kàn máa gbin ín sínú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Gbèsè kékeré tí èèyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú ló ń di ńlá.

Kì í ṣe gbogbo kàlẹ́ńdà ló bá oòrùn dá èsúsú yìí o. Òṣùpá ni ti àwọn Mùsùlùmí ń tẹ̀lé. Ọjọ́ 354 tàbí 355 lọdún wọn, ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ Ramadan fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, tí wọ́n á gbà á nínú ẹ̀ẹ̀rùn lónìí, tó bá yá, wọ́n á gbà á nínú òjò. Àwọn Júù fẹ́ tẹ̀lé òṣùpá, wọn ò sì fẹ́ ṣẹ oòrùn, nítorí náà odindi oṣù kan ni wọ́n ń fi kún ọdún, ìgbà méje láàárín ọdún 19. Ní Ethiopia, oṣù 13 ló wà nínú ọdún. Oṣù kẹtàlá yẹn kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ, àfi lọ́dún tí wọ́n bá ń san gbèsè ló ń di mẹ́fà.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ FẸ́BÚÁRÌ?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Kí ló dé tí wọn kò fi ọjọ́ náà sí Júùnù tàbí Oṣù Kejìlá, tó fi jẹ́ Fẹ́búárì tí kò ní ju 28 lọ ni wọ́n gbé ẹrù náà lé lórí?

Láyé àtijọ́, àwọn ará Róòmù kò bẹ̀rẹ̀ ọdún wọn láti Jánúárì. Oṣù Máàṣì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà lára orúkọ àwọn oṣù títí dòní: nínú èdè wọn, September wá láti inú eéje, October láti inú ẹẹ́jọ, November láti inú ẹẹ́sàn-án, December láti inú ẹẹ́wàá. Bí ẹ bá kà á láti Máàṣì, ẹ ó rí i pé ó ṣe rẹ́gí. Fẹ́búárì ni oṣù tó kẹ́yìn. Òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọdún ń parí lọ, wọ́n ń ṣe ètùtù ìwẹ̀nùmọ́ láti fi palẹ̀ ọdún mọ́. Láti inú ètùtù yẹn ni orúkọ Fẹ́búárì ti wá. Ta ni kò mọ̀ pé ìparí ọdún ni wọ́n ń ṣírò gbèsè?

Ṣùgbọ́n ìwà jìbìtì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àlùfáà ló láṣẹ láti fi odindi oṣù kún ọdún nígbà tó bá yẹ. Wọ́n máa ń ṣèrú. Bí ẹni tó wà nípò bá jẹ́ tiwọn, wọ́n á fi oṣù kún ọdún kó lè pẹ́ lórí oyè. Bí kì í bá ṣe tiwọn, wọ́n á gbàgbé. Àṣé òṣèlú ti ń bá kàlẹ́ńdà jà látayébáyé!

Julius Caesar ló fòpin sí i. Sosigenes, onímọ̀ ará Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Egypt, ló gbà á nímọ̀ràn. Ní ọdún 46 kí wọ́n tó bí Jésù, Caesar fa ọdún náà gùn títí ó fi di ọjọ́ 445, kí gbogbo gbèsè àtẹ̀yìnwá lè tán pátápátá. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ọdún máa jẹ́ ọjọ́ 365, kí wọ́n sì máa fi ọjọ́ kan kún un ní ọdún kẹrin-kẹrin.

ÀWỌN ÀLÙFÁÀ KÀ Á BÍI YORÙBÁ

Ibi tó ti wá kan ọmọ Yorùbá gan-an nìyí. Ẹ wo ọjà ọrún. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ Fúráìdè ni wọ́n tún máa ná an. Òyìnbó á ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà náà. Yorùbá á ní rárá, ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni, torí pé wọ́n ka Mọ́ńdè tí wọ́n ti ń bọ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàdógún: 17 lorúkọ rẹ̀, ọjọ́ 16 ló wà nínú rẹ̀ lójú Òyìnbó. Ọ̀kan kò purọ́ fún ìkejì. Bí kálukú ṣe ń kà á ló yàtọ̀.

Bí Yorùbá ṣe ń kà á gẹ́lẹ́ làwọn ará Róòmù náà ń kà á. Nígbà tí wọ́n pa Caesar ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn àlùfáà ló kù tó ń bójú tó kàlẹ́ńdà. Wọ́n gbọ́ "ọdún kẹrin-kẹrin", wọ́n sì kà á bí ẹni tó ń ka ọjà ọrún. Wọ́n ka ọdún tí wọ́n ti ń bọ̀ mọ́ ọn, ló bá di pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san gbèsè tó yẹ kí wọ́n máa san ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ọdún 36 ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ló yẹ kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọdún, ìgbà 12 ni wọ́n fi kún un. Augustus ló já a, tó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ kankan kún ọdún mọ́ fún ọdún 12, títí tí gbogbo rẹ̀ fi tò.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe 29 ni wọ́n ń fi kún un nígbà yẹn. Ọjọ́ 24 Fẹ́búárì ni wọ́n máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ kẹfà ṣáájú oṣù Máàṣì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́ ẹẹ́fà, ẹ kà á bíi Yorùbá: 24, 25, 26, 27, 28, àti 1 Máàṣì. Ó pé mẹ́fà!

ÌṢẸ́JÚ MỌ́KÀNLÁ TÓ DI ỌJỌ́ MẸ́WÀÁ

Ẹ rántí pé wákàtí mẹ́fà tí èsúsú ń sọ yẹn kò pé mẹ́fà. Ìṣẹ́jú 11 àti díẹ̀ ló dín. Nítorí náà, ohun tí Caesar ń san fún oòrùn ti pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú 11 lọ́dún kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bó bá di 400 ọdún, ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọdún 1582, kàlẹ́ńdà ti fi ọjọ́ mẹ́wàá yà kúrò níbi tó wà nígbà ìpàdé àwọn olórí ìjọ ní Nicaea lọ́dún 325. Ọdún Àjíǹde kò bọ́ sásìkò tó yẹ mọ́.

Póòpù Gregory kẹtàlá ló tún un ṣe. Ó ní kí wọ́n yọ ọjọ́ mẹ́wàá náà dànù. Ní Ítálì, Sípéènì àti Pọtogí, ẹni tó sùn lálẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Október 1582, ọjọ́ 15 ló jí sí. Ó tún ṣòfin tuntun pé ọdún tó bá parí ọgọ́rùn-ún kò gbọdọ̀ ní 29 Fẹ́búárì mọ́, àfi èyí tí wọ́n bá lè fi 400 pín láìṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí 1700, 1800 àti 1900 kò fi ní in, tí 2000 fi ní in, tí 2100 kò sì ní ní in. Ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà ní 2096, ọdún mẹ́jọ ni yóò dúró bíi ti Desai kó tó rí òmíràn.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ti Póòpù kò tètè gbà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi 170 ọdún ṣagídí. Ọdún 1752 ni wọ́n tó gbà, gbèsè sì ti di ọjọ́ 11 lọ́rùn wọn, ni wọ́n bá fo láti 2 Sẹ̀tẹ́ńbà bọ́ sí 14. Nígbà tí wọ́n fi máa gba Èkó lọ́dún 1861, kàlẹ́ńdà tuntun yìí ni wọ́n gbé wá, òun náà ló wà lára ògiri wa títí dòní. Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ dúró di ọdún 1918, wọ́n fo láti 31 Jánúárì bọ́ sí 14 Fẹ́búárì. Ti ilẹ̀ Sweden ló pani lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n fẹ́ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ń padà síbi tí àwọn ti ń bọ̀. Lọ́dún 1712, Fẹ́búárì wọn ní ọjọ́ 30!

OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ LỌ́JỌ́ NÁÀ

Ọjọ́ náà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí nǹkan. Ní 29 Fẹ́búárì 1504, Christopher Columbus wà ní Jàmáíkà, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti bàjẹ́, ebi sì fẹ́ pa òun àtàwọn èèyàn rẹ̀, torí pé àwọn onílẹ̀ kò fún wọn lóúnjẹ mọ́. Ó yẹ ìwé àwọn awòràwọ̀ wò, ó rí i pé òṣùpá máa ṣókùnkùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó bá sọ fún àwọn onílẹ̀ pé Ọlọ́run òun ń bínú, òṣùpá á sì wọ̀ọ̀kùn. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ru oúnjẹ wá. Ẹ ò rí i pé 419 ti wà tipẹ́!

Ní 29 Fẹ́búárì 1940, ní Los Angeles, Hattie McDaniel gba ẹ̀bùn Oscar fún ipa tó kó nínú fíìmù Gone with the Wind. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Àmọ́ tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi obìnrin náà sí lálẹ́ ọjọ́ iyì rẹ̀, torí pé òtẹ́ẹ̀lì náà kì í gba àwọn dúdú láàyè.

Èyí tó dunni jù ni ti ìlú Agadir ní Mòrókò. Ní 29 Fẹ́búárì 1960, ààwẹ̀ Ramadan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá òru lù nígbà tí ilẹ̀ mì. Kò ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá lọ tí ọ̀pọ̀ ilé fi wó lulẹ̀, èèyàn tó kú sì lé ní 12,000. Fún àwọn tó ṣẹ́kù, ọjọ́ ìrántí òkú wọn kò ní sí lórí kàlẹ́ńdà lọ́pọ̀ ọdún.

Àwọn kan sì ń fi ọjọ́ náà ṣeré. Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ La Bougie du Sapeur. Láti 1980 tó ti bẹ̀rẹ̀, 29 Fẹ́búárì nìkan ló ń jáde. Ti ọdún 2024 ni ẹ̀kejìlá irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ireland, ìtàn àbáláyé sọ pé ọjọ́ náà ni obìnrin láàyè láti dẹnu ìfẹ́ kọ ọkùnrin, ọkùnrin tó bá sì kọ̀ á fi aṣọ tàbí ìbọ̀wọ́ tu obìnrin náà nínú. Àwọn ará Gíríìsì ní tiwọn, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ ṣègbéyàwó nínú ọdún náà rárá, wọ́n ní kì í mú oríire wá.

TA LÓ JÈRÈ, TA LÓ PÀDÁNÙ?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù, bí Fẹ́búárì ní 28, bó ní 29, owó kan náà ni wọn yóò fún un. Ó fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Alágbàṣe tó ń gbowó lójoojúmọ́ kò sí nínú ìyẹn, òun gba owó ọjọ́ 29 rẹ̀ pé. Ayálégbé tó san owó ilé ọdún kan fi ọjọ́ kan sùn láìsanwó, onílé kò sì lè sọ nǹkan kan. Ẹlẹ́wọ̀n ọdún kan tí ọdún rẹ̀ bá kan ọjọ́ yẹn ni kí èèyàn káàánú, torí ọjọ́ 366 ni yóò lò.

Ẹ̀rọ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 29 Fẹ́búárì 2012, ẹ̀rọ Azure ti ilé iṣẹ́ Microsoft dákú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọ́n kọ ọ́ pé kó máa fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún kan gbáko, ló bá ń wá 29 Fẹ́búárì 2013, ọjọ́ tí kò sí láyé. Ní 2024, àwọn ẹ̀rọ epo tí èèyàn ń fi káàdì sanwó nídìí rẹ̀ ní New Zealand kọ̀, wọn ò ta epo fún ọ̀pọ̀ wákàtí, torí pé wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ náà wà.

ỌMỌ TÍ WỌ́N BÍ LỌ́JỌ́ NÁÀ ŃKỌ́?

Nínú ọjọ́ 1,461 tó wà nínú ọdún mẹ́rin, ẹyọ kan ni 29 Fẹ́búárì. Síbẹ̀, wọ́n ń bímọ lọ́jọ́ náà. Rossini, gbajúmọ̀ olórin ará Ítálì, ọjọ́ náà ni wọ́n bí i lọ́dún 1792. Ẹni ọdún 76 ni nígbà tó kú, ìgbà 18 péré ló sì rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. James Milne Wilson, tó ṣe olórí ìjọba Tasmania rí, ọjọ́ náà ni wọ́n bí i ní 1812, ọjọ́ náà ló sì kú ní 1880. Àwọn Òyìnbó tiẹ̀ ti ṣe eré olórin kan nípa rẹ̀ lọ́dún 1879, The Pirates of Penzance, nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n ní kó sin àwọn olè ojú òkun títí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọkànlélógún á fi dé. Àṣé 29 Fẹ́búárì ni wọ́n bí i, yóò lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó bọ́!

Eré nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin kì í ṣe eré. Ọmọ tí wọ́n bí ní 29 Fẹ́búárì 2008, ọjọ́ wo ló pé ọmọ ọdún 18 ní 2026 tí kò sí 29? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Hong Kong, 1 Máàṣì ni. Ní Taiwan àti New Zealand, 28 Fẹ́búárì ni. Ẹ má ní ọjọ́ kan kò tó nǹkan o. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá pé ọdún 18 ló lè dìbò. Ìdìbò ààrẹ ọdún 2019 wáyé ní 23 Fẹ́búárì, ti 2023 wáyé ní 25 Fẹ́búárì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn súnmọ́ ọjọ́ náà tó!

Nítorí èyí, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n bá bímọ lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ kí ojú ti ọmọ láàárín ẹgbẹ́, wọ́n á kọ 28 Fẹ́búárì sínú ìwé ìbí. Tó bá dé ilé ìwé, bàbá á kọ 1 Máàṣì. Nígbà tó bá dọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà, ọmọ fúnra rẹ̀ á kọ 29. Ọjọ́ ìbí mẹ́ta fún ọmọ kan! Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá to àwọn ìwé náà síwájú tí wọn kò bára mu, ta ló máa gbà pé kì í ṣe ayédèrú? Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. Àríyá ọjọ́ ìbí ni kí ẹ gbé síbi tó bá wù yín.

Ti ọdún 2024 bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ti 2028 yóò bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ náà nínú ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà. Lọ́dún tí ọjọ́ yín kò bá wá, ṣé 28 lẹ ń pa adìyẹ ni, àbí 1 Máàṣì? Àbí ẹ máa ń ṣe é lọ́jọ́ méjèèjì, kí ènì náà lè wà níbẹ̀?